Ewédò kò fẹ́ kúrò nínú pọ́ọ̀lù ẹ̀yìnkùlé wa, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Táyé, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Pọ́ọ̀lù ẹ̀yìnkùlé wa ní Bódìjà ló ń fún mi ní wàhálà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 10, fífẹ̀ rẹ̀ mítà 5, jíjìn rẹ̀ sì tó mítà 1.5 tí a bá pín apá tó jìn àti apá tí kò jìn dọ́gba. Táìsì ni wọ́n fi bo inú rẹ̀, asẹ́ oníyanrìn ló sì ń lò. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni ewédò ti gba ibẹ̀. Ara ògiri ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, omi náà ti di àwọ̀ ewé débi pé n kò rí ìsàlẹ̀ mọ́.

Ọkùnrin tó ń bá wa tọ́jú rẹ̀ a máa da kilorínì sí i lọ́jọ́ Sátidé. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, omi á mọ́ díẹ̀. Kó tó di Ọjọ́bọ̀, ó ti padà sí bó ṣe wà. Wóró kilorínì ńláńlá tún wà nínú ike kan tó ń léfòó lórí omi nígbà gbogbo, nítorí náà n kò lè sọ pé a kò lo kilorínì. Ó ní ká lọ ra oògùn olówó gọbọi kan tó ń pa ewédò. Kí n tó náwó sí i, mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀yin tí ẹ ti borí rẹ̀ rí. Àwọn ọmọ máa gba ọlidé láìpẹ́, wọn kò sì ní jẹ́ kí n sinmi.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Àǹtí, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹ fa gbogbo omi yẹn jáde, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti Jíìkì fọ ara táìsì dáadáa, ẹ jẹ́ kí oòrùn pa á gbẹ kí ẹ tó da omi tuntun sí i. Bí a ṣe ń ṣe é ní Abẹ́òkúta nìyẹn, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Bọ̀ọ̀dá Lẹ́kkí

Ọmọ Ẹ̀gbá, orí àpáta lẹ wà ní Abẹ́òkúta, ilẹ̀ ibẹ̀ lè gbà á. Ẹ má gba ẹlòmíràn nímọ̀ràn yẹn láìkọ́kọ́ béèrè bí ilẹ̀ ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ṣe rí. Lọ́dọ̀ wa níbí, tí èèyàn bá gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ nígbà òjò, omi ti dé. Omi inú pọ́ọ̀lù ló ń tẹ pọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá fà á tán, omi abẹ́ ilẹ̀ á máa tì í sókè láti ìsàlẹ̀. Mo ti fojú ara mi rí i ládùúgbò wa: pọ́ọ̀lù oníkọnkéré gbéra nílẹ̀, etí kan yọ sókè ju ilẹ̀ àgbàlá lọ, páìpù já, táìsì sán káàkiri. Wọ́n wó o ni nígbẹ̀yìn, nítorí kò sí bí wọ́n ṣe lè dá a padà.

Ìyá Táyé, tí kànga bá wà nítòsí yín, ẹ yọjú wo ibi tí omi rẹ̀ ga dé. Tó bá ga ju ìsàlẹ̀ pọ́ọ̀lù yín lọ, ẹ má fa pọ́ọ̀lù yẹn gbẹ láéláé, pàápàá lásìkò òjò báyìí.

Oníṣẹ́ Pọ́ọ̀lù, Ìkẹjà

Ìyá Táyé, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí, nílé àwọn èèyàn àti nínú òtẹ́ẹ̀lì.

Omi tó mọ́ lọ́jọ́ kan tó sì tún padà láàárín ọ̀sẹ̀ ń sọ fún wa pé kilorínì Sátidé yẹn kò pa ewédò tán, ó kàn ń ṣá a lọ́gbẹ́ ni. Èyí tó kù lára ògiri, nínú páìpù àti nínú asẹ́ ló ń bí sí i. Kilorínì tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kọ́ ló ń pa ewédò. Èyí tó tó, tí a kò sì jẹ́ kó wálẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi kú, ló ń pa á. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí ẹ náwó sórí oògùn kankan báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan mélòó kan. Àkọ́kọ́, èló ni pH omi yín, ìyẹn òṣùwọ̀n tó ń sọ bí ásíìdì inú omi ṣe pọ̀ tàbí kéré tó? Tó bá wà ní 7.5, nǹkan bí ìdajì kilorínì tí ẹ dà ló máa wà ní irú èyí tó ń pa nǹkan. Tó bá ti di 8, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Kí ẹ fi ásíìdì fà á wálẹ̀ sí 7.2 ni kí ẹ tó da kilorínì, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ìkejì, ìgbà wo ni ọkùnrin yẹn ń da kilorínì? Tó bá jẹ́ ọ̀sán gangan, oòrùn ló ń bá a pín in. Ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, ni ká máa dà á, kó lè fi gbogbo òru ṣiṣẹ́.

Ìkẹta, asẹ́. Ẹ wo géèjì tó wà lórí rẹ̀, èyí tó ń fi psi wọn bí omi ṣe ń tì lágbára tó nínú asẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dá omi padà sínú rẹ̀ láti fọ yanrìn, ẹ kọ iye tí ọwọ́ géèjì tọ́ka sí sílẹ̀. Nígbàkigbà tó bá fi psi 8 sí 10 lọ sókè ju iye yẹn lọ, ẹ tún un fọ̀. Lásìkò tí ewédò bá ń kú, ó lè gbà á lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Tí yanrìn bá ti lé ní ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ ní kí wọ́n ṣí i kí ẹ sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ọwọ́ yín bá bá òkúta yanrìn tó ti lẹ̀ mọ́ra pọ̀, omi kàn ń gba àárín wọn kọjá láìsẹ́ ni.

Ẹ̀kẹrin, ṣé ẹ ti tú iná abẹ́ omi wò? Sikirú kan ṣoṣo ló sábà máa ń dè é lókè. Ẹ pa iná ibẹ̀ láti orísun rẹ̀ ná, kí ẹ ní kí oníṣẹ́ fa gílóòbù rẹ̀ jáde. Nínú ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ewédò máa ń nípọn tó ìka, nítorí omi tó ní kilorínì kì í fi bẹ́ẹ̀ yí kiri níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni inú àkàsọ̀ onípáìpù tí wọ́n fi ń gòkè àti abẹ́ ìdérí skimmer, ìyẹn àpótí ara ògiri tó ń gba ìdọ̀tí ojú omi. Ẹ lè fọ ògiri títí kó máa dán, àwọn ibi wọ̀nyí ló máa tún gbin ewédò sínú omi yín lálẹ́ ọjọ́ kejì.

Bàbá Wálé, Oǹdó

Gbogbo àlàyé yìí dára, àmọ́ bulusítóònù ni èmi mọ̀. Òun náà ni àwa àgbẹ̀ kòkó ń pò mọ́ ẹfun láti fi pa àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú. Ẹ yọ́ díẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ dà á ká inú pọ́ọ̀lù, ewédò á kú. Kò wọ́n, kò sì nílò iná mànàmáná rẹpẹtẹ.

Oníṣẹ́ Pọ́ọ̀lù, Ìkẹjà

Bàbá, ẹ ṣeun. Òótọ́ ni pé bàbà inú bulusítóònù ń pa ewédò, òun náà ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn olówó gọbọi tí wọ́n ń tà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kì í kúrò nínú omi. Ẹ ó máa dà á lé ara wọn lọ́dọọdún ni. Tí pH bá gòkè, á jáde sára ògiri, á sì fi àbàwọ́n dúdú tàbí àwọ̀ ewé sílẹ̀ lára sìmẹ́ǹtì àárín táìsì. Ẹni tó bá ti fi oògùn sọ irun rẹ̀ di pupa tàbí funfun, irun yẹn lè di àwọ̀ ewé.

Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé tí a bá da kilorínì púpọ̀ sórí omi tó ní bàbà, omi lè di àwọ̀ ewé tó mọ́ gaara. Onílé á rò pé ewédò ni, á tún da bulusítóònù sí i. Ẹ bu omi náà sínú ike funfun. Tó bá mọ́ tó sì ní àwọ̀ ewé síbẹ̀, irin tàbí bàbà ni. Tó bá ṣókùnkùn tó dà bíi pé nǹkan pò mọ́ ọn, ewédò ni.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Ó dáa, a kò ní fa omi tán. Ṣé ẹ kò lè wá gún wóró inú ike yẹn, kí ẹ pò ó mọ́ HTH oníyẹ̀fun kó lè lágbára sí i?

Olùkọ́ Kẹ́mísírì, Ìlọrin

RÁRÁ O! Ẹ jọ̀wọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ka ọ̀rọ̀ Ọmọ Ẹ̀gbá yìí, ẹ má dán an wò.

Wóró ńláńlá yẹn, trichlor ni. HTH oníyẹ̀fun, calcium hypochlorite ni. Kilorínì ni orúkọ méjèèjì lẹ́nu ọlọ́jà, àmọ́ tí wọ́n bá pàdé, pàápàá tí omi díẹ̀ bá kàn wọ́n, wọ́n lè gbiná, wọ́n sì lè bú gbàmù. Kò dìgbà tí ẹ bá gún wọn pọ̀. Ṣíbí tí ẹ fi bu ọ̀kan tí ẹ sì fi bu èkejì láìfọ̀ ọ́ kó sì gbẹ ti tó. Ike tó ń léfòó lórí omi yẹn, ẹ má da HTH sínú rẹ̀ láé, kódà tí ẹ bá rò pé ó ti ṣófo.

Ásíìdì pẹ̀lú kilorínì náà nìyẹn: èéfí tó máa jáde ń pa ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má gbé wọn sí yàrá kan náà. Ẹ kọ́kọ́ da ásíìdì sínú pọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ kí pọ́ńpù yí omi ká fún ó kéré tán ààbọ̀ wákàtí kí kilorínì tó tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá ń yọ́ HTH, omi ló máa kọ́kọ́ wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá máa bu ìyẹ̀fun sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ má da omi lé ìyẹ̀fun lórí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi nǹkan bo ojú, kí ẹ sì dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ láti ẹ̀yìn yín.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Ẹ ṣeun, Olùkọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe é o.

Àbúrò Texas, Houston

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin àgbà. Pọ́ọ̀lù wà lẹ́yìn ilé wa níbí, ooru Houston sì ń gbin ewédò dáadáa. Ẹ̀gbọ́n Oníṣẹ́, ọ̀rọ̀ yín dára, àmọ́ mo fẹ́ sọ pé ẹ fo èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ìròyìn Ìyá Táyé: wóró tó ń léfòó nígbà gbogbo.

Kilorínì nìkan kọ́ ló wà nínú wóró trichlor. Cyanuric acid wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní stabiliser. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dáàbò bo kilorínì lọ́wọ́ oòrùn, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń dáàbò bò ó ló ń dì í mú, tí kò fi lè ja ewédò bó ṣe yẹ. Nígbà tí kilorínì bá ṣiṣẹ́ tán tó lọ, stabiliser kì í lọ. Bí wóró yẹn bá fi kilorínì ppm 10 (ìyẹn mílígíráàmù 10 nínú lítà omi kan) sínú omi, ó ti fi stabiliser tó tó ppm 6 sí i. Kì í bá oòrùn gbẹ, asẹ́ kì í mú un. Oṣù dé, oṣù lọ, á máa pọ̀ sí i ni. Ẹ lè rí kilorínì nínú ìdánwò, kí ewédò sì máa hù lójú yín.

Ẹ ra kíìtì tó ń wọn stabiliser. Ẹ ó po omi pọ́ọ̀lù mọ́ oògùn inú rẹ̀, omi náà á di funfun bàìbàì, ẹ ó sì máa dà á díẹ̀díẹ̀ sínú ọ̀pá tó ní àmì dúdú kan nísàlẹ̀. Ibi tí omi bá ga dé nígbà tí ẹ kò bá rí àmì dúdú yẹn mọ́ ni iye rẹ̀. Ìta, nínú ìmọ́lẹ̀, ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ yí ẹ̀yìn sí oòrùn. 30 sí 50 ló dára. Tó bá dé 100, ọ̀ná kan tó dájú ló wà: ẹ pààrọ̀ nínú omi náà.

Oníṣẹ́ Pọ́ọ̀lù, Ìkẹjà

Àbúrò, mo gbà fún ọ lórí wóró. Èmi gan-an kì í lò ó fún àwọn oníbàárà mi ju ìgbà tí wọ́n bá rìnrìn àjò lọ. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ yìí, òjò máa ń kún pọ́ọ̀lù dé etí, omi á sì máa ṣàn jáde, èyí ń dín stabiliser kù. Mo ti bá pọ́ọ̀lù pàdé tí kò ní rárá nígbà òjò, tí oòrùn sì ń jẹ kilorínì rẹ̀ tán kó tó di ọ̀sán. Kó dán an wò ná kó tó da omi nù.

Ìyá Táyé, Ìbàdàn

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo ti wá ẹni tó ní kíìtì pípé, a sì ti jọ dán an wò. pH jẹ́ 8. Kilorínì tó ṣì lè ṣiṣẹ́ kò ju ppm 2 lọ. Ti stabiliser, àmì dúdú pòórá níbi 100, ẹni náà sì ní ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá po omi pọ́ọ̀lù àti omi ẹ̀rọ ní ìdajì sí ìdajì, ó tún un ṣe, ó bá 60, ó ní 120 ni.

Ọwọ́ géèjì orí asẹ́ ti lẹ̀ mọ́ ojú kan, kì í mì mọ́ yálà pọ́ńpù ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Pọ́ńpù náà kì í sì í ju wákàtí méjì lọ lójúmọ́, torí epo jẹnẹrétọ̀ ti wọ́n. A tú iná abẹ́ omi, ohun tí mo rí lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Kí ni kí n ṣe báyìí? Ẹ bá mi tò ó kí n lè fi han ọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀.

Àbúrò Texas, Houston

Mọ̀mí, ẹ ṣeun tí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ ká ṣírò.

Mítà 10, lọ́nà 5, lọ́nà 1.5, ó jẹ́ mítà oníhà mẹ́ta 75, ìyẹn lítà 75,000. Stabiliser yín wà ní 120. Tí ẹ bá da ìdá kan nínú mẹ́ta omi nù tí ẹ sì rọ́pò rẹ̀, á di 80. Ẹ tún un ṣe, á di 53. Lẹ́ẹ̀kẹta, á bọ́ sí nǹkan bí 36. Mo mọ̀ pé omi pọ̀, àmọ́ ìdá mẹ́ta mẹ́ta yìí kò ní jẹ́ kí pọ́ọ̀lù ṣófo, ẹ̀rù tó ń ba Bọ̀ọ̀dá Lẹ́kkí á sì dín kù. Láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti fa omi náà, kí ewédò tó ti sùn sílẹ̀ lè bá a lọ.

Tó bá ti wà ní 36 sí 40, ẹ fi ásíìdì mú pH sí 7.2, kí ẹ wá gbé kilorínì dé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún iye stabiliser. Fún 40, ìyẹn jẹ́ ppm 16. Nínú lítà 75,000, kilorínì gíráàmù 1,200 ni ẹ nílò. HTH tó jẹ́ 65% máa tó nǹkan bíi kílò 1.85. Tí ẹ bá fẹ́ fi Jíìkì ṣe é, tó jẹ́ 3.5%, lítà tó lé ní 34 ni, ẹ sì lè rí i pé owó rẹ̀ á ti pọ̀ jù.

Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń kùnà nìyí: ewédò á jẹ kilorínì yẹn kíá. Ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tún un wọ̀n, ẹ ó bá 5 tàbí 6. Ẹ dá a padà sí 16. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́ lójoojúmọ́. Tó bá jẹ́ Sátidé nìkan lẹ tún fẹ́ máa dà á, owó yín àti owó omi tí ẹ pààrọ̀ ti wọgbó. Ẹ yọ ike tó ń léfòó yẹn kúrò pátápátá.

Oníṣẹ́ Pọ́ọ̀lù, Ìkẹjà

Ìṣirò Àbúrò péye. N óò fi díẹ̀ kún un.

Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì ha ògiri lójoojúmọ́ tí ẹ bá ń ṣe é, pàápàá ìlà sìmẹ́ǹtì àárín táìsì, igun tí òjìji máa ń wà àti abẹ́ àtẹ̀gùn. Ewédò ní awọ yíyọ̀ kan tó fi ń bo ara rẹ̀, kilorínì kò ní wọlé tí ẹ kò bá ha á ya. Búrọ́ọ̀ṣì oníke ni fún táìsì. Ti onírin máa họ ọ́.

Ẹ pààrọ̀ géèjì yẹn. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, láìsí i ẹ kò sì ní mọ ìgbà tí asẹ́ dí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọn kilorínì pẹ̀lú oògùn tó ń sọ omi di pínńkì, ẹ ṣọ́ra. Tí kilorínì bá pọ̀ jù, á bó àwọ̀ pínńkì náà nù lójú ẹsẹ̀, ẹ ó sì rò pé kò sí rárá. Tó bá fi pínńkì hàn fìrí kó tó funfun, ó ti pọ̀ nìyẹn. Ẹ fi omi ẹ̀rọ là á kí ẹ tún un wọ̀n.

Ní ti pọ́ńpù: tó bá ń gba lítà 10,000 ní wákàtí kan, wákàtí méje àbọ̀ ló máa fi yí omi yín ká lẹ́ẹ̀kan. Wákàtí méjì kò lè tó láé. Lásìkò tí ẹ bá ń pa ewédò, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru bí iná ọba bá gbà, kódà tí ẹ bá ní láti fi jẹnẹrétọ̀ kún un. Lẹ́yìn náà, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ máa tó. Àwọn oníbàárà mi mélòó kan ti gbé pọ́ńpù sórí sólà. Ọ̀sán ló ń ṣiṣẹ́, wọn kò sì nílò bátìrì púpọ̀ fún un.

Bàbá Wálé, Oǹdó

Bí ọ̀rọ̀ bá wá jẹ́ ti iná, álọ́ọ̀mù ńkọ́? Òun làwọn ìyá wa fi ń mú kí omi odò tòrò.

Oníṣẹ́ Pọ́ọ̀lù, Ìkẹjà

Bàbá, ìmọ̀ràn yìí dára gan-an. Álọ́ọ̀mù kì í pa ewédò, àmọ́ tí ewédò bá ti kú, tí omi di funfun bàìbàì tàbí eérú, álọ́ọ̀mù á kó òkú rẹ̀ jọ sísàlẹ̀. Ẹ yọ́ ọ, ẹ dà á ká, ẹ jẹ́ kí pọ́ńpù pò ó fún ìgbà díẹ̀, ẹ pa pọ́ńpù mọ́jú. Láàárọ̀ ẹ ó rí i tó tẹ́ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀. Ẹ rọra fà á, kí ẹ sì yí fáfù sí ibi tó máa tú u síta tààrà. Bí ẹ bá jẹ́ kó gba inú yanrìn, á dì í pa. Ó tún máa ń fa pH wálẹ̀, nítorí náà ẹ tún un wọ̀n.

Bọ̀ọ̀dá Lẹ́kkí

Ìyá Táyé, omi wo lẹ máa fi rọ́pò èyí tí ẹ dà nù? Tó bá jẹ́ ti bọ́hóòlù, ẹ kọ́kọ́ bu díẹ̀ sínú ike, ẹ kán kilorínì sí i. Tó bá pọ́n tàbí tó di àwọ̀ tíì, irin wà nínú rẹ̀. Omi pọ́ọ̀lù yín á pọ́n lójijì lọ́jọ́ tí ẹ bá da HTH, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé irú ewédò mìíràn ló dé. Asẹ́ máa mú un díẹ̀díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Adé, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ, ó sì ń dùn mí. Omi tí a kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí ọmọ bá rì sínú rẹ̀, ẹni tó dúró létí rẹ̀ kò ní rí i. Títí ẹ ó fi lè dúró létí apá tó jìn jù kí ẹ sì rí ojú ihò omi ìsàlẹ̀ kedere, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́. Ẹ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé yẹn pa, kọ́kọ́rọ́ ní ọwọ́ àgbàlagbà. Omi dídúró tí kò ní kilorínì náà tún jẹ́ ilé ẹ̀fọn, ibà sì mọ̀nà ilé gbogbo wa.

Ìyá Táyé, Ìbàdàn

Nọ́ọ̀sì, mo ti ra àgádágodo lánàá. Ẹ ṣeun gan-an ni. Àbúrò Texas, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti kú tán, kí n má fi ojú lásán sọ pé omi ti mọ́?

Àbúrò Texas, Houston

Ìbéèrè tó dára jù nìyẹn, Mọ̀mí. Ẹ wọn kilorínì lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Ẹ má da nǹkankan sí i mọ́. Ẹ tún un wọ̀n láàárọ̀ kí oòrùn tó yọ. Oòrùn kò sí níbẹ̀ lóru, nítorí náà ohun tó bá jẹ kilorínì yẹn, nǹkan alààyè ni. Tó bá dín ju ppm 1 lọ, ewédò ṣì wà níbìkan, bó ti wù kí omi dán tó. Kilorínì tó ti lò tán, èyí tó ń rùn tó sì ń ta ojú, kò gbọ́dọ̀ ju 0.5 lọ. Omi náà sì gbọ́dọ̀ mọ́ kedere. Nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pé pọ̀ kí ẹ tó jẹ́ kí kilorínì wálẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, tí stabiliser bá wà ní 40, ẹ má jẹ́ kí kilorínì wá sílẹ̀ ju ppm 3 lọ láé, kódà ọjọ́ kan ṣoṣo.

Túndé, Àkúrẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, mo ní ìbéèrè tó jọ ọ́. Ti èmi kì í ṣe àwọ̀ ewé. Omi mi mọ́, àmọ́ àwọn àmì dúdú kéékèèké wà lára ògiri. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n rẹ́ lásán ni ògiri yẹn, kò sí táìsì. Mo ha á, orí rẹ̀ lọ, ó tún yọ níbi kan náà.

Oníṣẹ́ Pọ́ọ̀lù, Ìkẹjà

Túndé, ewédò dúdú lèyí, òun ló le jù. Ó máa ń ti ẹsẹ̀ bọ inú ihò wẹ́wẹ́ ara sìmẹ́ǹtì, ó sì ń fi ìpele sórí ìpele bo orí ara rẹ̀. Nítorí pé sìmẹ́ǹtì ni tìrẹ, o lè lo búrọ́ọ̀ṣì onírin. Ha orí àmì kọ̀ọ̀kan títí yóò fi ya. Lẹ́yìn náà, wọ ìbọ̀wọ́, mú wóró trichlor kan, kí o fi ra ojú ibẹ̀ dáadáa lábẹ́ omi. Níbí nìkan ni mo ti ń yin wóró yẹn. Má ṣe é lọ́jọ́ tí o bá da HTH sínú omi, má sì fi wóró náà sílẹ̀ lórí ògiri tàbí nísàlẹ̀, torí á fi ojú funfun sílẹ̀ níbẹ̀.

Tún un ha lọ́jọ́ kejì, tún un ra. Di kilorínì inú omi mú lókè bí Àbúrò ti sọ, kódà bí omi bá mọ́. Fọ búrọ́ọ̀ṣì náà nínú omi kilorínì kó tó kan ibòmíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́ọ̀lù àti ṣòkòtò ìlúwẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ, torí ó máa ń bá wọn rìn láti pọ́ọ̀lù kan sí òmíràn. Tí àmì kan bá kọ̀ láti lọ lẹ́yìn gbogbo èyí, fi èékánná họ ọ́ wò. Bí kò bá yọ̀, tí kò sì ṣí, àbàwọ́n irin tàbí bàbà ni, kilorínì kò sì ní ràn án.